Ikọ́ ọjọ́ méje àti ṣúgà tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Kétu

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 2021, kí aago méje tó lù, àwọn ọmọkùnrin méjì gbé ìyá wọn wọ inú ilé ìlera kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Orí àga oníke ni ìyá náà jókòó sí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì di àga náà mú lọ́tùn-ún lósì, nítorí ó ti sọ fún wọn pé bí òun bá dùbúlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, èémí òun yóò tán. Mo kí i. Ó dá mi lóhùn ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń mí láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì: “Ọmọ… mi… ẹ… kú… iṣẹ́.” Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín ni bí ìyá yìí ṣe dé orí àga yẹn, ohun tí a rí lára rẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe fún un nílé ìwòsàn ńlá, àti ìdí tí ikọ́ kan náà tó gba ara àwọn mẹ́rin mìíràn kọjá nínú agbo ilé rẹ̀, láìdá ẹnì kankan dùbúlẹ̀ ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí òun. Ó gbà kí n kọ ọ́. Ó ní kí n má ṣe dárúkọ òun, n kò sì ní í dárúkọ rẹ̀.

Ìyá náà jẹ́ ẹni ọdún 57. Gàrí, èlùbọ́ àti àgbàdo ló ń tà. Ó ń rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àyíká Kétu, ó sì ń tà wọ́n fún àwọn oníbàárà tó ń gba ọ̀nà Ìlárá wá láti òdìkejì bodè. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 98, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.62. Bí a bá fi gíga yẹn pín ìwọ̀n náà, tí a tún fi gíga náà pín ohun tó kù, iye tó jáde lé díẹ̀ ní 37, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti 30 ni àwọn oníṣègùn ti ń ka ìsanra sí àìsàn. Ní ọjà wa, ojú iyì ni wọ́n fi ń wo irú ara bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ọjà ń tà, wọ́n á ní inú ń dùn, kò sì sí ẹni tí yóò rò ó pé ó yẹ kí a wọn ohunkóhun nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ tutù, tó ń dán.

Láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni wọ́n ti sọ fún un pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n kọ oògùn fún un, àmọ́ ìgbà tí orí bá fọ́ ọ nìkan ló máa ń lò ó. Ní ti ṣúgà, ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan fún un rí, nítorí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi sùúrù bi àwọn ará ilé rẹ̀ léèrè lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti rọlẹ̀, kò sí ohun tí wọn kò rí. Àkọ́bí rẹ̀ sọ pé ó ti tó ọdún méjì tí ìyá òun ti ń gbé jọ́ọ̀gì omi sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tí omi náà sì máa ń tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ń dìde tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóru. Egbò kékeré kan tí bàtà dá sí i lẹ́sẹ̀ lo oṣù mẹ́ta kó tó jinná. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló sọ èyí tó wọ̀ mí lára jù lọ: ó ní láti nǹkan bí ọdún kan, èèrà máa ń ṣù bo ibi tí ìyá bá tọ̀ sí lẹ́yìn ilé, òun a sì máa bu eérú lé e lórí. Ọdún kan gbáko ni ó fi ń bu eérú lé àmì àìsàn náà. Orúkọ tí àwọn àgbà fún un ti ṣàlàyé ara rẹ̀: àtọ̀gbẹ, kí ènìyàn máa tọ̀ títí ara yóò fi gbẹ.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìsìnkú kan tí wọ́n lọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn márùn-ún ló ń wúkọ́ nínú agbo ilé náà láàárín ọjọ́ mẹ́ta: ìyá yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ẹni ọdún 66, ọmọ rẹ̀ kékeré tó jẹ́ ẹni ọdún 31, ìyàwó àkọ́bí rẹ̀, àti ọmọ-ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ara gbóná, ọ̀fun ń dùn, oríkèé ń ro wọ́n. Níbi tiwa, palú, ìyẹn ibà, ni gbogbo ara gbígbóná títí ohun mìíràn yóò fi fojú hàn, nítorí náà oògùn ibà ni gbogbo wọn kọ́kọ́ lò. Àwọn mẹ́rin yòókù bọ́ nínú rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ìyá náà kò bọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó rán ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn ní ọjà, wọ́n sì kó oríṣiríṣi hóró oògùn fún un nínú ọ̀rá kan, èyí tí wọ́n ní ó ń “gbé ikọ́ jù sílẹ̀.” Ọmọ náà tọ́jú ọ̀rá náà, ó mú un wá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Dexamethasone wà nínú rẹ̀, oògùn alágbára kan tó máa ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè.

Ní ọjọ́ karùn-ún, tí kò lè jẹun mọ́, tí ara rẹ̀ kò sì ní okun, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kékeré kan tí n kò ní í dárúkọ. Wọ́n wọn ìgbóná ara rẹ̀, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ibà, wọ́n sì so omi kọ́ fún un, èyí tí à ń pè ní sẹ́róọ̀mù. Ìgò méjì lójúmọ́, fún ọjọ́ méjì. Omi oníṣúgà ni. Ìgò kan tó gba mílílítà 500, tí ṣúgà inú rẹ̀ jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, gíráàmù 25 ṣúgà ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń bọ́ tààrà sínú iṣan láìgba inú kọjá. Ìgò mẹ́rin jẹ́ 100 gíráàmù. Ní ilé, àwọn ọmọ ń fún un ní ẹ̀kọ mímu tí wọ́n da ṣúgà sí dáadáa àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí pé nǹkan wọ̀nyẹn nìkan ló lè gbé mì. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ṣe é. Kò sí ẹnì kan nínú gbogbo àwọn tó fọwọ́ kan ìyá yìí fún ọjọ́ mẹ́fà tó gún un níka wò.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ keje, ìgbóná ara rẹ̀ jẹ́ 38.4. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 118 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń mí ní ìgbà 34. Ìfúnpá rẹ̀, tó máa ń ga tẹ́lẹ̀, ti já wálẹ̀ sí 100 lórí 60. Ẹ̀rọ kékeré tí à ń fi mọ́ ìka láti wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ kọ 84, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 95 sókè fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ahọ́n rẹ̀ gbẹ bí awọ ìlù. Nígbà tí mo tẹ̀ síwájú láti gbọ́ èémí ní àyà rẹ̀, mo gbọ́ òórùn kan ní ẹnu rẹ̀ tó jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n jù, tó ti ń di omi nínú èèpo. Mo ti gbọ́ òórùn yẹn rí ní ẹ̀ẹ̀mejì péré nínú iṣẹ́ mi. Mo fi àyà rẹ̀ sílẹ̀, mo sì na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ṣúgà.

Ẹ̀rọ náà kò kọ iye kankan. Ó kọ HI, èyí tó túmọ̀ sí pé ṣúgà ti kọjá ohun tí ó lè kà, ìyẹn ni pé ó ti ju gíráàmù 6 lọ nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Mo fọ ìka mìíràn pẹ̀lú omi àti ọṣẹ, mo nù ún gbẹ, mo tún un ṣe, nítorí ọwọ́ tó ti kan ẹ̀kọ oníṣúgà lè tan ẹ̀rọ jẹ. HI ló tún kọ. A ki ìwé àyẹ̀wò bọ inú ìtọ̀ rẹ̀, kẹ́tóònù, ìyẹn ohun tó ń jáde nígbà tí ara bá ń sun ọ̀rá dípò ṣúgà, sì pọ̀ níbẹ̀ dé òpin àwọ̀. Àyẹ̀wò kíákíá fún kòrónà fi hàn pé ó ní i. Ó ti lé ní ọdún kan àti oṣù márùn-ún nígbà yẹn tí wọ́n ti kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà ní orílẹ̀-èdè Benin, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2020. Ojú wa sì ti là dáadáa sí i, débi pé ẹni tó bá ń mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni à ń rò.

Níbi yìí gan-an ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ohun tí mo kọ́ wà. A fi ọ́síjìn sí i nímú, a ṣí i sókè, láàárín ogún ìṣẹ́jú iye tó wà lójú ẹ̀rọ ìka gòkè láti 84 dé 93. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló ń jẹ ẹ́ níyà, ó yẹ kí mímí rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Kò rọ̀. Mo jókòó tì í, mo ń ka èémí rẹ̀ pẹ̀lú aago ọwọ́ mi: 33, 34, 33. Kì í sì í ṣe mímí òkè òkè bí ti ẹni tí àyà ń dùn. Mímí tó jinlẹ̀ ni, tó ń fa gbogbo ikùn wọlé tó sì ń tì í jáde láìsinmi, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gun òkè. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti kan. Ara ń mí kíkankíkan kó lè tú èéfín ara jáde, kí kíkan náà lè dínkù. Àìsàn méjì ló ń lo ọ̀fun kan ṣoṣo, ìkíní sì ń bo èkejì mọ́lẹ̀. Ikọ́ bo ṣúgà fún ọjọ́ mẹ́fà. Ká ní a kò gún un níka, ọ́síjìn tó ń gòkè lójú ẹ̀rọ ì bá fi wá lọ́kàn balẹ̀ títí tí yóò fi kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Bí àìsàn méjèèjì ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́ kò ṣòro láti lóye. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ara a máa tú àwọn họ́mọ́ọ̀nù ìjà sílẹ̀, bí cortisol àti adrenaline, tí wọ́n ń pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ pé kó kó ṣúgà tó fi pamọ́ jáde, kí ara lè rí okun jà. Àwọn họ́mọ́ọ̀nù kan náà ń sọ agbára ínsúlínì di aláìlágbára, bẹ́ẹ̀ sì ni ínsúlínì ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Ẹni tí ara rẹ̀ pé yóò kàn ṣe ínsúlínì sí i, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ti ìyá yìí ti rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ikọ́ tó dé. Ṣúgà wá kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹran ara rẹ̀ sì ń pa ebi, bí ẹni tó wà létí odò tó ń fi itọ́ ṣanwọ́. Nígbà tí ebi pa ẹran ara dé ojú ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sun ọ̀rá, èéfín ọ̀rá yẹn sì ni kẹ́tóònù tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan. Dexamethasone tó ń gbé mì láti ọjọ́ kẹta ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú cortisol. Omi oníṣúgà sì ń rọ̀ lé e lórí.

Ọ̀nà kejì ni ohun tí ṣúgà ń ṣe fún ìjà tí ara ń bá fáírọ́ọ̀sì jà. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn sójà ara, ìyẹn àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ funfun, a máa lọ́ra láti dé ibi tí ìjà wà, bí wọ́n bá sì dé ibẹ̀, wọn kì í lè pa ọ̀tá tán. Ọ̀rá tó pọ̀ lára, pàápàá ti ikùn, kì í jókòó lásán. Ó ń tú àwọn ohun tó ń fa wíwú àti ìgbóná sílẹ̀ lójoojúmọ́, tó fi jẹ́ pé nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá dé, iná ti wà nílẹ̀, epo ló wá bù sí i. Ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì máa ń tètè dì. Ní àfikún, ikùn ńlá a máa ti awọ tó pààlà àárín àyà àti ikùn sókè, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró kì í sì í ráyè ṣí dáadáa bí ènìyàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Ìdí nìyí tí ìyá fi kọ̀ láti dùbúlẹ̀. Àga oníke yẹn ni oògùn àkọ́kọ́ tó bá a mu nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì yàn án.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kì í ṣe tuntun. Ní oṣù kejì ọdún 2020, nígbà tí àwọn aláṣẹ ìlera Ṣáínà ṣe ìṣirò lórí àwọn ènìyàn 44,672 tí àyẹ̀wò ti fìdí kòrónà múlẹ̀ lára wọn, àwọn tó kú nínú gbogbo wọn jẹ́ 2.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, ó jẹ́ 7.3, láàárín àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó jẹ́ 6.0. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbì àkọ́kọ́, ẹnì kan nínú mẹ́ta tí kòrónà pa nílé ìwòsàn ló ní àtọ̀gbẹ. Ní ilẹ̀ Faransé, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní CORONADO tẹ̀ lé àwọn alátọ̀gbẹ tó lé ní 1,300 tí kòrónà gbé dé ilé ìwòsàn. Ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló ti kú kí ọjọ́ keje tó pé, ìsanra sì wà lára ohun tó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹni tí àìsàn náà le fún àti ẹni tí kò le fún. Ṣáájú kòrónà pàápàá, nígbà tí gágá H1N1 jà káàkiri ayé ní ọdún 2009, àwọn oníṣègùn ti rí i pé àwọn tó sanra jù ń kún ibùsùn ìtọ́jú pàjáwìrì. Fáírọ́ọ̀sì yàtọ̀, àmọ́ ara tí wọ́n bá nílẹ̀ jọra.

Nǹkan kan wà nínú ìwádìí àwọn Faransé náà tí mo máa ń tún rò. Wọ́n wo HbA1c, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà ti rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, wọn kò sì rí i pé òun ló ń pinnu ẹni tí yóò kú láàárín ọjọ́ méje. Ní ẹkùn Hubei ní Ṣáínà ẹ̀wẹ̀, láàárín àwọn alátọ̀gbẹ tí wọ́n gbà sílé ìwòsàn, àwọn tí ṣúgà wọn kò kọjá gíráàmù 1.80 nígbà tí wọ́n wà lórí ibùsùn kú ní 1.1 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí tiwọn ń fò sókè kú ní 11.0. Irú ìṣirò yìí kò lè fi hàn pé ṣúgà nìkan ló pa wọ́n, nítorí ẹni tí àìsàn rẹ̀ le jù ni ṣúgà rẹ̀ máa ń fò jù. Síbẹ̀ ohun tí èmi mú níbẹ̀ ni pé ṣúgà ọjọ́ àìsàn gan-an ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn ṣúgà tí ọwọ́ wa lè dé ní wákàtí tí aláìsàn bá wọlé.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ohun tí a lè ṣe kò pọ̀. A fún un ní lítà kan omi oníyọ̀, èyí tí kò ní ṣúgà, a fi ọ́síjìn sí i, a jẹ́ kó jókòó, a sì pe áńbúláǹsì. A kò ní ínsúlínì nínú fíríìjì wa. Ká tiẹ̀ ní a ní i, n kò ní í fún un láìmọ iye pọ́tásíọ̀mù tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí ínsúlínì a máa kó pọ́tásíọ̀mù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, bí ó bá sì ti lọ sílẹ̀ jù tẹ́lẹ̀, ọkàn lè dúró. Mo bá wọn wọ ọkọ̀. A gba Pobẹ̀ àti Sakété sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, mo di ìgò ọ́síjìn mú kó má baà yí, ìyá náà sì di ọwọ́ mi mú. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: ta ni yóò ṣí ìsọ̀ òun ní ọjọ́ ọjà?

Nílé ìwòsàn ńlá, ṣúgà rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 6.84 nígbà tí a débẹ̀ lọ́sàn-án. Pọ́tásíọ̀mù rẹ̀ jẹ́ 3.6, ó tó láti bẹ̀rẹ̀ ínsúlínì bí wọ́n bá ń fi pọ́tásíọ̀mù kún omi rẹ̀, ohun tí wọ́n sì ṣe nìyẹn. Yúníìtì mẹ́wàá ni wọ́n ń fún un ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń gún ìka rẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Omi ni wọ́n ṣọ́ra fún jù. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan báyìí nílò omi púpọ̀, àmọ́ ẹ̀dọ̀fóró tí kòrónà ti wú kò fẹ́ omi púpọ̀, dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sì dúró tì í fúnra rẹ̀, ó ń gbọ́ àyà rẹ̀ kó tó jẹ́ kí wọ́n so ìgò tuntun kọ́. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, ṣúgà ti wálẹ̀ sí 2.40. Nígbà náà ni wọ́n so omi oníṣúgà kọ́ fún un.

Àkọ́bí rẹ̀ rí ìgò náà, ó sì figbe ta. Mo ti ṣàlàyé fún un ní ojú ọ̀nà ohun tí irú ìgò bẹ́ẹ̀ ṣe fún ìyá rẹ̀, ó wá rò pé wọ́n tún fẹ́ pa á ni. Kò jẹ̀bi. Ínsúlínì ló ń pa kẹ́tóònù, kíkan ẹ̀jẹ̀ kò sì tíì tán. Bí wọ́n bá dá ínsúlínì dúró nítorí pé ṣúgà ti wálẹ̀, kẹ́tóònù yóò padà, bí wọ́n bá sì ń bá ínsúlínì lọ láìsí ṣúgà, ṣúgà yóò já sílẹ̀ pátápátá, aláìsàn á sì dákú. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fún un ní méjèèjì pọ̀. Omi kan náà tó bà á jẹ́ ní ọjọ́ karùn-ún wá di ohun tó ń dáàbò bò ó ní ọjọ́ keje, nítorí pé ẹnì kan ń wọn ṣúgà nísinsìnyí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni dexamethasone. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ìwádìí RECOVERY ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé mílígíráàmù 6 rẹ̀ lójúmọ́, tí kò kọjá ọjọ́ mẹ́wàá, ń dín ikú kù lára àwọn tí kòrónà ti sọ di ẹni tó nílò ọ́síjìn tàbí ẹ̀rọ amíni, àti pé kò ṣe àǹfààní kankan fún ẹni tí kò tíì nílò ọ́síjìn. Ìyá yìí gbé e mì nígbà tí kò wúlò fún un, láìwọ̀n, láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ṣúgà rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ wọ́n fún un ní ìwọ̀n tó tọ́, pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ṣúgà rẹ̀ sì ń fò sókè ní gbogbo ọ̀sán nítorí rẹ̀, wọ́n ń fi ínsúlínì lé e kiri, títí tí wọ́n fi ní láti ṣe ínsúlínì ọ̀sán rẹ̀ ní ìlọ́po méjì.

Kíkan ẹ̀jẹ̀ lọ ní ọjọ́ kejì, èémí rẹ̀ sì wálẹ̀ láti 34 sí 26. Ẹ̀dọ̀fóró ló wá kù, ìyẹn kò sì yára. Wọ́n fẹ́ kó máa dojú bolẹ̀, èyí tó ń ran ọ̀pọ̀ ẹni tí kòrónà ń bá jà lọ́wọ́, àmọ́ ikùn rẹ̀ kò gbà. Ẹ̀gbẹ́ ló ń fi sùn, ọ̀tún fún wákàtí méjì, òsì fún wákàtí méjì. Ní ọjọ́ kẹrìnlá ni wọ́n tó yọ ọ́síjìn kúrò nímú rẹ̀. Ó padà sí Kétu ní ọjọ́ kọkàndínlógún.

HbA1c rẹ̀ jẹ́ 11.4 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó jẹ́ pé láti 6.5 ni à ń pe ènìyàn ní alátọ̀gbẹ. Iye yẹn ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí, nítorí àwọn ẹbí kan ti ń sọ pé omi tí wọ́n fà sí i lára ló “kó àtọ̀gbẹ ràn án.” Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú, ṣúgà tó bá sì lẹ̀ mọ́ ọn kì í bọ́. Oògùn ọjọ́ mẹ́rin àti omi ọjọ́ méjì kò lè gbé iye náà dé 11.4. Ilé ìtọ́jú yẹn ṣe àṣìṣe tó lágbára, inú mi kò sì dùn sí i títí di òní, àmọ́ àtọ̀gbẹ ti wà nínú ilé kí ikọ́ tó kan ilẹ̀kùn. Èèrà ti rí i.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, kò gún ínsúlínì mọ́. Metformin, oògùn oníhóró tó ń dín ṣúgà kù, ló ń lò, ó sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́, orí ìbáà fọ́ ọ, kó má fọ́ ọ. Ìwọ̀n rẹ̀ ti di kílò 87. Kò fi àkàsà àti èlùbọ́ sílẹ̀, n kò sì sọ fún un pé kó fi wọ́n sílẹ̀. Ìwọ̀n òkèlè ló dín kù, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀wà sì pọ̀ sí i. Ṣúgà àárọ̀ rẹ̀ kó tó jẹun jẹ́ 1.19. Ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà, ó sì fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ lọ gbà á pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí kò jẹ́ kí n sinmi. Ẹni ọdún 66 ni, tínrín bí ọ̀pá, ó ṣì ń ru igi láti oko. Ikọ́ kan náà, oúnjẹ kan náà, agbo ilé kan náà, ọjọ́ márùn-ún péré ló fi wúkọ́. Ní gbogbo ayé, ọjọ́ orí ló ń fa ikú kòrónà jù, ó sì yẹ kí òun ló le fún. Agbo ilé kan kò tó láti fi dájọ́, mo mọ̀, àmọ́ èyí ló mú mi lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, kí ẹnikẹ́ni tó jẹun, pẹ̀lú ẹ̀rọ ṣúgà nínú àpò mi. Àwọn àgbàlagbà mẹ́sàn-án ló wà nílé. Ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ 0.88. Ti ìyàwó àkọ́bí jẹ́ 0.92. Ti ọmọ kékeré, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó gbé àga oníke wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, jẹ́ 1.41.

Ẹni ọdún 31 ni, kílò 104. Ikọ́ náà ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà kò gbà mí gbọ́, èmi náà kò sì lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ orí ló gbà á sílẹ̀ níbi tí kò gba ìyá rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé láti 1.26 sókè ni a ti ń pè é ní àtọ̀gbẹ, pé a kì í fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀, àti pé kó wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láìjẹun. Kò wá. Ní ọjọ́ kejì ọjọ́ tí mo dá fún un, ìyá rẹ̀ mú un wá. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, ó jókòó ti ọmọ náà, ó fa ọwọ́ òsì rẹ̀, ó fọ ìka àárín rẹ̀ pẹ̀lú omi àti ọṣẹ bí ó ti ń rí mi ṣe, ó nù ún gbẹ pẹ̀lú etí ìró rẹ̀, ó sì nà án sí mi. Ó jẹ́ 1.38.